Párábólà àti ìlà tààrà: kí ni ká kà sí òdo?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kó sọ bóyá párábólà y = x² − 3x + 5 pàdé ìlà y = mx + 1 (m ni ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà). Tí a bá mú wọn dọ́gba, x² − (3 + m)x + 4 = 0 ló kù, b² − 4ac, tó ń sọ iye ojú tí wọ́n ti pàdé (tó bá kéré sí òdo, kò sí; tó bá jẹ́ òdo, ọ̀kan; tó bá ju òdo lọ, méjì), sì di (3 + m)² − 16.

Tí m bá wà láàárín −7 àti 1, wọn ò pàdé. Tó bá jẹ́ 1 gẹ́lẹ́, ojú kan ni wọ́n ti fara kanra, (2, 3). Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: tí m bá ti inú ìṣirò mìíràn wá, kọ̀ǹpútà ti lè gé àwọn nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn ojú àmì rẹ̀ kù, ohun tó yẹ kó jẹ́ òdo á wá yọ díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń yan ààlà ohun tí ẹ máa kà sí òdo? Ṣé ẹ máa ń wọ̀n ọ́n mọ́ b² ni?

Ìlà òòró bíi x = 4 ńkọ́? Kò ní m, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń gé párábólà yìí.