Sony A7R V àbí Nikon Z8: èwo ni kí n mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Òkè àti igbó ni mo máa ń yà ní kùtùkùtù, kámẹ́rà á wà lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ti gbà mí lọ́kàn báyìí, pàápàá àwọn tó ń fò. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni agbára mi ká.

Ìdáhùn: Ẹyẹ ló máa pinnu rẹ̀. Megapixel 61 (iye ẹ̀ẹ́tò kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ní mílíọ̀nù) tí A7R V ní dára púpọ̀ fún òkè. Tí ẹ bá tẹ àwòrán ńlá, ewé kọ̀ọ̀kan á hàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá lo ṣọ́tà onírin rẹ̀ (ìbòjú tó ń ṣí tó sì ń padé tí ẹ bá ya àwòrán), sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán, kì í tètè ka àwòrán tán, apá ẹyẹ tó ń fò á sì wọ́. Z8 kò tilẹ̀ ní ṣọ́tà onírin rárá, nítorí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ yára gan-an: àwòrán RAW (èyí tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Megapixel 45.7 rẹ̀ sì tó fún òkè. Òun ni èmi á mú.

Ìdáhùn mìíràn: Ẹ ro ti ìwọ̀n náà o. Pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, Z8 jẹ́ giramu 910, A7R V jẹ́ 723. Lẹ́ńsì wo lẹ ní nílẹ̀?

Olùbéèrè: Nikon AF-S àtijọ́ ni, 200-500mm.

Ìdáhùn mìíràn: Ha! Ẹ mú Z8. Ẹ ra FTZ, ohun ìsopọ̀ Nikon fún lẹ́ńsì àtijọ́, láti so wọ́n pọ̀, kámẹ́rà á ṣì máa wá ojú ẹyẹ fúnra rẹ̀, lẹ́ńsì yín á sì tẹ̀ lé e.