Kí la ó pe Urning ní Yorùbá?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi.

Mo ti ka gbogbo èsì tí ẹ fọ̀ fún àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìtàn ayé Karl Heinrich Ulrichs, tó sì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò lò fún Urning, ìyẹn orúkọ tí Ulrichs, ará Jámánì, ṣẹ̀dá fún ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Bàbá wa kan ní kó kọ adófùrọ̀, kó máa lọ. Ẹ má bínú, sà, n kò fara mọ́ ọn. Ẹ tú u palẹ̀: a-dó-fùrọ̀. Ohun téèyàn ń ṣe ló ń sọ, kò sọ irú ẹni téèyàn jẹ́, èébú sì ni lẹ́nu ẹni tó bá ń pè é. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ nílẹ̀ ní Jámánì náà, ìyẹn ló sì mú Ulrichs ṣẹ̀dá tirẹ̀ ní 1864. Ẹ̀bá Aurich ni wọ́n ti bí i ní 1825. Amòfin ni, iṣẹ́ ìjọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1854 nítorí pé ó ń fẹ́ ọkùnrin, ló bá di akọ̀ròyìn fún Allgemeine Zeitung ti Augsburg. Numa Numantius ló kọ sára àwọn ìwé kékeré rẹ̀ àkọ́kọ́, kí orúkọ ẹbí má baà wọ̀ ọ́.

Akọ-sákọ tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá sàn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran la sábà máa ń pè ní akọ. Àmọ́ Kertbeny, òǹkọ̀wé ará Hungary, ló ni ìtumọ̀ yẹn. Ní oṣù karùn-ún 1868 ló kọ Homosexual sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí Ulrichs fúnra rẹ̀. Tá a bá ti ná akọ-sákọ sórí Urning, kí la ó fi túmọ̀ lẹ́tà náà?

Ẹni tó ní ká pè é ní ará ọ̀run, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo mọ ibi tí ẹ ti mú un: Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́ àwọn Gíríìkì, méjì ló wà nínú ìwé Plato, amòye wọn, ọ̀kan ọmọ Uranos, ìyẹn sánmà, èkejì ọmọ Dione. Ọ̀dọ̀ wọn ni Urning ti wá, àti Dioning fún ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó bá rí ará ọ̀run, àtòrì ni yóò máa wò yíká.

Èyí tó gba oorun lójú mi ni gbólóhùn Látìn rẹ̀: anima muliebris virili corpore inclusa. Anima obìnrin ni wọ́n sé mọ́ inú ara ọkùnrin. Ẹ̀mí kọ́ nìyẹn; èémí tí Elédùmarè mí sí wa kò ní akọ, kò ní abo. Mo kọ́kọ́ fi orí túmọ̀ anima. Mo kà á sókè, ó dùn létí. Òru ni mo rántí pé a máa ń yan orí ni. Àkúnlẹ̀yàn! Ọkùnrin tó ń bá ilé ẹjọ́ jà pé bí wọ́n ṣe bí òun nìyí, àwa yóò wá ní ó kúnlẹ̀ yàn án? Ni mo bá padà sí ọkàn, mo sì fi àyànmọ́ tì í lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ló ń yàn án mọ́ni, kì í sì í gbóògùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí Urning dúró bó ṣe wà, ká ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré: ọkùnrin tí ìfẹ́ ọkùnrin jẹ́ àyànmọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ní ká fi gbólóhùn náà sílẹ̀ ní Látìn nítorí etí ọmọdé. Ní 29 oṣù kẹjọ 1867, Ulrichs dìde níwájú ìpàdé àwọn amòfin Jámánì ní Munich láti bẹ̀bẹ̀ lórí òfin tó ń fìyà jẹ ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọkùnrin. Ariwo sọ, alága sì ní kó máa fi Látìn sọ ìyókù. Ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tún ṣe alága yẹn fún un.

Ìbéèrè tèmi rèé. L'Aquila ní Ítálì ló ti lo ọjọ́ ogbó rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń tẹ ìwé ìròyìn Látìn kan jáde láti 1889 títí ó fi kú ní 1895. Alaudae lorúkọ rẹ̀, ẹyẹ kékeré oko tó máa ń kọrin bó ṣe ń fò lọ sókè. Ta ló mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa ń pe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀?