Mo ti gun kẹ̀kẹ́ náà dé o: ọ̀nà Givry sí Cluny

Ẹ rántí pé mo béèrè ọ̀nà tí èèyàn lè gbà gun kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko Faransé, láìsí pé tírélà ń fọn fèrè sí i létí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lọ sí Burgundy, agbègbè kan ní Faransé, ẹ ṣeun púpọ̀.

Givry ni mo ti gbéra lọ sí Cluny, ìlú kéékèèké méjì níbẹ̀. Ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni. Wọ́n ká irin kúrò, wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n sì ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní 1997. Ọkọ̀ ojú irin kì í fẹ́ràn òkè, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Oko àjàrà lọ́tùn-ún, màlúù funfun lósì, kò sí ariwo kankan. Èmi tí mò ń bẹ̀rù orúnkún mi!

Kọjá Cluny, ọ̀nà náà gba inú ihò Bois Clair, tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè fún ọkọ̀ ojú irin, ó gùn tó kìlómítà 1.6. Inú rẹ̀ tutù bíi fìríìjì, ẹ mú súwẹ́tà dání. Wọ́n máa ń tì í nígbà òtútù nítorí àwọn àdán tó ń sùn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀nà náà sílẹ̀, mo ń tẹ̀ lé àwọn títì tó funfun lórí máàpù Michelin, ìyẹn àwọn títì kéékèèké. Mọ́tò mẹ́rin péré ló kọjá mi láàárọ̀. Àṣìṣe mi kan ni pé n kò tètè ra búrẹ́dì. Ọ̀sán pọ́n, gbogbo ṣọ́ọ̀bù abúlé ti tì, ebi sì fojú mi rí nǹkan.

Mo ti rí ohun tí mò ń wá. Ẹ jẹ́ ká pa ìbéèrè yìí dé.