Rocamadour: ṣé màmá tí orúnkún ń dùn lè dé ọ̀dọ̀ Màríà Dúdú?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti màmá mi, ẹni ọdún 74, ń bá ìjọ Kátólíìkì wa ní London lọ sí ilẹ̀ Faransé lóṣù kẹsàn-án: Lourdes, Carcassonne, ká tó parí rẹ̀ sí Rocamadour, níbi tí Màríà Dúdú, ère Màríà Wúńdíá tó dúdú, wà nínú ilé ìjọsìn kan lókè. Lourdes ò bà mí lẹ́rù, iwájú ihò àpáta tí wọ́n ní Màríà ti fara hàn níbẹ̀ tẹ́jú dáadáa. Rocamadour ni wàhálà. Ara àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí, àtẹ̀gùn 216 ló sì wà láti abúlé dé òkè níbi àwọn ilé ìjọsìn. Orúnkún màmá ò gba ogún. Àtẹ̀gùn ilé wa gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́, ọwọ́ méjèèjì lára irin.

Mo bi ẹni tó ń kó wa lọ, "Ẹ fọkàn balẹ̀" nìkan ló fèsì. Mo rí i lórí máàpù pé lífíìtì wà, àmọ́ nínú fọ́tò, àtẹ̀gùn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá sì ti ní bóun ò bá ní fojú kan Màríà Dúdú, òun ò lọ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀: téèyàn bá jáde nínú lífíìtì, àtẹ̀gùn mélòó ló kù kó tó dé ọ̀dọ̀ Màríà Dúdú, ṣé irin ìdìmú sì wà níbẹ̀?