Ògiri amọ̀ tí mo gún ti lanu: ṣé kí n wó o ni?

Mo ń kọ́ ilé oníyàrá méjì nítòsí Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ pupa ni a sì ń gún ní ìpele-ìpele sí àárín pátákó. Ògiri àkọ́kọ́, tí ó gùn ní mítà 6, ti lanu lóòró ní ojú méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti ń gbẹ.

Nígbà tí mo po ilẹ̀ náà mọ́ omi nínú ìgò, tí mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, amọ̀ tí ó tòrò sókè lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà ni mo ṣe fi yanrìn odò àti sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 6 nínú 100 kún ti ògiri kejì. Lílà rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n kò tán. Àwọn bíríkìlà ní kí n wó gbogbo rẹ̀, kí n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, ìyẹn sì dùn mí, nítorí pé ilé amọ̀ bàbá bàbá mi ṣì dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ irú rẹ̀ rí, ṣé yanrìn ni kí n tún fi kún un ni, àbí kí n pín ògiri gígùn sí méjì, kí àlàfo wà láàárín? Ṣé a sì lè dí ibi tí ó ti là láìwó o?