"Omi dúdú" Odò Ọya: kì í ṣe àgbàrá, kì í ṣe omíyalé

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣàkójọ ọ̀rọ̀ lórí omi àti iná mànàmáná dábàá pé ká máa pe ìkún méjì tí Odò Ọya máa ń ní lọ́dún ní ìsédò Kàìnjì, níbi tí wọ́n ti sé odò náà láti fi ṣe iná, ní "àgbàrá funfun" àti "àgbàrá dúdú". Ẹlòmíì ní "omíyalé" ló bá a mu. Mi ò fọwọ́ sí èyíkéyìí.

Àgbàrá ni omi òjò tó ń wọ́ lórí ilẹ̀. Òjò dá, kò pẹ́ kí òun náà dá. Omíyalé sì gbọ́dọ̀ ya wọ ilé kó tó jẹ́ orúkọ yẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní dúdú, inú odò ló ń bá bọ̀ fún oṣù mélòó kan. Òjò tó rọ̀ sórí òkè Futa Jalon ní Gínì láàárín Agẹmọ sí Ọwẹ́wẹ̀ ni. Ó tàn sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Málì, ó dá ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé Kàìnjì ní nǹkan bí oṣù Bélú, títí di Ẹrẹ́nà. Òjò ìtòsí ló ń mú èyí tó funfun wá ní tirẹ̀, ní Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Ẹrẹ̀ ló jẹ́ kó rí bí omi ògì.

Ẹ bu méjèèjì sínú ife. Èyí tí wọ́n ń pè ní dúdú ló mọ́ jù! Yorùbá tó bá sì gbọ́ "omi dúdú", omi ìdọ̀tí ló máa wá sí i lọ́kàn.

Àbá tèmi ni ìkún òjò fún èyí tó funfun, àti ìkún ẹ̀ẹ̀rùn fún èyí tí wọ́n ń pè ní dúdú. Òjò ti dá, odò tún ń kún: ohun tó sọ ọ́ di iyebíye fún iná nìyẹn. Lítà 1,000 tó ń já sílẹ̀ láti mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní nǹkan bíi kìlówáàtì 265, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ mítà 20 ló ti já, kò ní ju 177 lọ. Omi kan náà o; bí adágún ẹ̀yìn ìsédò bá ṣe kún tó ni ibi tí omi ti ń já ṣe máa ń ga tó. Ìkún ẹ̀ẹ̀rùn ni kì í jẹ́ kí adágún tètè fà, ìsédò Jẹ́bà tó wà nísàlẹ̀ odò sì tún ń fi omi yẹn ṣe iná lẹ́ẹ̀kejì.

Ní Òkudù 1985, lẹ́yìn ọ̀dá ọlọ́dún gbọọrọ, odò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàn mọ́ ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Bí ooru bá sì ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn á máa fa omi púpọ̀ sí i gbẹ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Málì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tá a bá ń pe gbogbo ìkún ní omíyalé nígbà tá a bá ń kọ̀wé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ta ló máa yé pé àìdé omi yìí gan-an ni àdánù?

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Bí ìwé ìròyìn bá yọ àmì kúrò, "ìkún" á di ikún inú oko tàbí ikùn èèyàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní kíkún sínú àkójọ: ìkún odò ìgbà òjò, ìkún odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.