Ẹ gbà mí, BP tèmi ló ga báyìí o

Ìyá Tóbi, Leeds: Ẹ gbà mí o! Bí mo ṣe ń gbé Bàbá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ yìí, òòyì kọ́ mi, ògiri ni mo gbá mú. Mo fi ẹ̀rọ wọn wo BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) tèmi, 168/102! Ṣé kí n lo ẹyọ kan nínú oògùn BP wọn títí di Mọ́ńdè? Kò sẹ́ni tó máa dúró tì wọ́n tí n bá lọ rí dókítà.

Àdùkẹ́, Manchester: Ẹ má dán an wò, mà! Amlodipine, oògùn BP ìyá ọkọ mi, lèmi gbé mì nígbà tèmi. Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì wú, bàtà ò wọ̀ mọ́. Dókítà ń da ìbéèrè bò mí, ojú ń tì mí, mi ò jẹ́wọ́. Àyẹ̀wò tí ò pọn dandan ni wọ́n ń ṣe kiri. Ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, báyìí, ẹ sọ ti òòyì yẹn fún wọn.

Bọ̀dá Délé, Lọ́ńdọ̀nù: Ta ni kì í pín oògùn lò nínú wa? Dídá gbé àgbàlagbà ni àṣìṣe. Ẹ̀yìn mi tó yẹ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mi ò tíì bọ́ ńbẹ̀. Ní kí council wá ṣe carer's assessment, àyẹ̀wò ohun tí ẹni tó ń tọ́jú èèyàn nílò, fún ọ. Tìrẹ o, kì í ṣe ti Bàbá.

Àdùkẹ́: Bọ̀dá, oògùn là ń wí! Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ń yọnu àti ẹni tára ẹ̀ le, ṣé oògùn kan náà ni wọ́n ń fún wọn?

Bọ̀dá Délé: Ó dáa, mo gba ìdajì.

Nọ́ọ̀sì Bísí, Birmingham: Gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, sà. Ìyá Tóbi, ṣé GP, dókítà àdúgbò yín, mọ̀ pé ẹ̀ ń tọ́jú èèyàn? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ flu ọ̀fẹ́ wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ti pé 40, kẹ́míìsì ń wo BP ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi iṣẹ́, láti April 2024, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti fi tọ́jú wọn, àmọ́ wọn ò ní sanwó ẹ̀.

Bọ̀dá Délé: Ọ̀sẹ̀ kan láìsówó! Kí ni wọ́n wá fún wa?

Ìyá Tóbi: Mo ti pe 111 o. Ẹ̀rọ ló ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ kó wá sí Manchester jàre, ká jọ máa tọ́jú wọn.

Bọ̀dá Délé: Sínú òjò yẹn? Bàbá á ní kẹ́ ẹ dá òun padà sílé.

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ò mọ orúkọ ará ilé kejì!

Nọ́ọ̀sì Bísí: Nílé, kí òòyì tó kọ́ ẹ tán, ará ilé kejì ti wọlé láìkànkùn.

Bọ̀dá Délé: Á tún máa bínú pé o ò tètè pariwo. Àárò ìjà wọn ń sọ mí.